Ẹ̀rín Tí Verna Mihelich Rín

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Verna Mihelich fi wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìlú Anaconda, kò sì ha ọkọ̀ ẹnikẹ́ni lára rí. Ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ń wọlé. Ó mọ èyí tí ìyá rẹ̀ ti na kó tó jáde nílé, ó mọ èyí tí kò jẹun. Tí ariwo wọn bá pọ̀ jù, kì í jágbe mọ́ wọn. Ṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin Kérésì nínú oṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú ohùn kan tó dà bí ìgbà tí àgbò bá ń ké, títí àwọn ọmọ á fi máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Verna, jọ̀ọ́, a ti dákẹ́, ìwọ náà dákẹ́!"

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ni gbogbo ẹ̀ dópin. Kùrukùru bo ìlú débi pé èèyàn kò rí òpó èéfín ilé ìyọ́-bàbà tó wà lórí òkè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò síbi téèyàn á dúró sí ní Anaconda tí kò ní rí òpó yẹn. Verna dúró, ó tan iná pupa, àwọn ọmọ mẹ́fà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gba iwájú bọ́ọ̀sì sọdá. Ó kà wọ́n bó ṣe máa ń kà wọ́n: mẹ́fà. Ó wo dígí òsì, ó tú bíréèkì. Ìkẹfà nínú wọn, Wyatt Lannan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti sọdá tán kó tó rí i pé ìbọ̀wọ́ òun kan ti bọ́ sílẹ̀. Ó sáré padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú bọ́ọ̀sì láti mú un. Inú dígí ni ojú Verna wà lásìkò yẹn.

Àwọn ọlọ́pàá wá. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n yẹ bíréèkì wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Verna láti mọ̀ bóyá ó mutí. Kò mutí. Agbẹjọ́rò ìjọba kọ lẹ́tà olójú ìwé kan pé jàǹbá ni, kò sí ẹ̀sùn. Verna ka lẹ́tà náà, ó ká a sí méjì, ó jókòó sórí àga tó wà lójú fèrèsé pálọ̀, ọdún mọ́kànlá sì kọjá lórí rẹ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe pé kò dìde rárá o. Ó ń lọ sí balùwẹ̀, ó ń lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ Verna gan-an ti jókòó síbẹ̀, kò bá a dìde mọ́. Leland ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbá yìnyín kúrò lójú títì, ló ń dáná. Òun ló ń fọ irun rẹ̀ fún un ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí wọ́n ṣe ń fọ irun ọmọ kékeré. Oríṣi oògùn mẹ́sàn-án ni àwọn dókítà ti fún un. Òmíràn mú un sanra, òmíràn mú ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, òmíràn mú ẹnu rẹ̀ gbẹ bí iyanrìn. Ìkankan kò gbé e dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn, nítorí Leland ń lọ síbi iṣẹ́, kò sì fọkàn tán an pé kó dá wà nílé.

Noreen Lannan, ìyá ọmọ tó kú, ń gbé ní òpópónà kẹta sí wọn. Kò pe Verna lẹ́jọ́, kò bú u, kò kọ lẹ́tà sí i. Ohun kan ló ń ṣe. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ náà bá pé, á wọ kóòtù dúdú, á fẹsẹ̀ rìn wá, á dúró nínú yìnyín níwájú ilé Mihelich, á sì máa wo Verna lójú fèrèsé. Ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà míì mẹ́wàá. Verna náà á máa wò ó. Tí ó bá ti wò ó tẹ́rùn, tó ti rí i pé ojú obìnrin náà ṣì jìn sínú, pé ọrùn rẹ̀ ṣì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á yí padà, á gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ilé ẹjọ́. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ nídìí kọfí: "Noreen ti lọ yẹ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí."

Lọ́dún kẹta, Leland dìde láti fa kọ́tìnnì.

"Fi í lẹ̀," Verna wí.

"Nítorí kí ni mo ṣe máa fi í lẹ̀? Ṣé ẹranko inú àgò ni ẹ́ ni?"

"Mo ní kó o fi í lẹ̀, Leland. Òun ló ni ín."

"Òun ló ni kí ni?"

"Èmi."

Leland fi kọ́tìnnì sílẹ̀. Kò tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kọkànlá, dókítà tuntun kan dé sí ìlú. Ó ka ìwé ìtọ́jú Verna láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní ibì kan wà ní ìlú Bozeman tí wọ́n ti ń fi kẹ́támìnì tọ́jú irú ìsoríkọ́ tó ti kọ gbogbo oògùn tó kù sílẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń mú èèyàn sùn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n máa fún un, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wo ọkàn sàn á sì jókòó tì í.

Wes, àbúrò Leland, wá jẹun lọ́jọ́ Sunday yẹn. Bó ṣe gbọ́ orúkọ oògùn náà, ó sọ ṣíbí sílẹ̀.

"Kẹ́támìnì? Èyí tí dókítà ẹran ń gún ẹṣin? Leland, yáa lọ ra kòríko sílẹ̀ o! Tó bá padà dé tó ń fẹsẹ̀ ta nǹkan, gàárì wà nínú gáréèjì mi, mi ò ní gba kọ́bọ̀."

"Jẹun, kó o máa lọ sílé ẹ," Leland dá a lóhùn.

"Àwàdà ni mo ń ṣe! Verna, àwàdà ni, àbí?"

Verna wò ó láti orí àga rẹ̀. "Ẹṣin dára jù mí lọ, Wes," ó wí jẹ́jẹ́.

Obìnrin tó gbà wọ́n ní Bozeman ń jẹ́ Gretchen Oyler. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó ga, ìbọ̀sẹ̀ tó wọ̀ kò bára mu. Ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ, kò sí abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ nìkan ni. Ó bi Verna nípa ìyá rẹ̀, nípa oorun, nípa ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Verna ń fi gbólóhùn méjì-méjì dá a lóhùn.

"Mi ò fẹ́ tàn yín jẹ, Ìyáàfin Mihelich," Gretchen wí fún un nígbà kẹta. "Oògùn yìí kò ní pa ohun tó ṣẹlẹ̀ rẹ́. Ohun tó máa ṣe ni pé, fún bíi wákàtí kan, á tú okùn tí ọkàn yín fi so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn á rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Inú ọjọ́ wọ̀nyẹn ni èmi àti ẹ̀yin á ti ṣiṣẹ́. Tá a bá gún abẹ́rẹ́ tá ò sọ̀rọ̀, ó lè má ju àlá lọ. Kò sì ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn."

"Tí kò bá ṣiṣẹ́ fún mi ńkọ́?"

"A máa wá ọ̀nà míì."

"Tó bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

Gretchen gbójú sókè láti inú ìwé rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìbẹ̀rù béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì padà sọ́rọ̀ tó wà nílẹ̀. "Ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó wá. Kí ẹnì kan wà tó máa gbé yín lọ sílé, ẹ ò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ọmọ mi," Verna wí, "ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti wa nǹkan kan gbẹ̀yìn."

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gún un, nọ́ọ̀sì yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó gún un ní apá, wọ́n fi aṣọ dúdú bò ó lójú, orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú ń dún lábẹ́lẹ̀. Gretchen jókòó síbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè kàn án. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tí ẹsẹ̀ Verna fi di ti ẹlòmíì, tí yàrá náà sì lọ.

Ó di táyà. Kì í ṣe pé ó rí táyà o, òun gan-an ni táyà. Ó dúdú, ó tutù, ó ń yí, kò lápá tó lè fi dá ara rẹ̀ dúró. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kéré, ó sì rọ̀. Ó gun orí rẹ̀. Ó tún padà sẹ́yìn, ó tún gùn ún. Kò mọye ìgbà. Ó pariwo débi pé Leland tó wà lóde nínú ọkọ̀ gbọ́ ọ, ó sáré wọlé, nọ́ọ̀sì sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo wà níbí," Gretchen ń wí. "Verna, ọwọ́ mi rèé. Mo wà níbí."

Nígbà tí Verna lajú, ó bì sínú abọ́ kan, ó tún bì. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín èyí àti kí wọ́n na èèyàn? Ohun tí Leland ń rò nínú ara rẹ̀ nìyẹn bó ṣe ń gbé e wọ inú ọkọ̀. Ó wa ọkọ̀ títí wọ́n fi jáde ní Bozeman.

"A ò ní padà síbẹ̀ mọ́," ó wí.

Verna gbórí lé dígí. "A máa padà."

"Verna! Mo gbọ́ ariwo ẹ láti òde!"

"Mo sunkún, Leland."

Leland wo títì, ó wò ó, ó tún wo títì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ Lannan, omijé kan kò jáde lójú obìnrin yìí. Ó ń rọra wa ọkọ̀ náà bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́yìn.

Wọ́n padà. Ní ọjọ́ kejì abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń padà lọ fún ọ̀rọ̀, Verna á sì sọ gbogbo ohun tó rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti kúrò ní gbólóhùn méjì. Nígbà kẹta tí wọ́n gún un, táyà kò wá. Ó rí òpópónà náà, ó rí bọ́ọ̀sì, ó rí ìbọ̀wọ́ nínú yìnyín, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, títí kan òun fúnra rẹ̀. Kùrukùru ń kọjá lọ. Kò sí ojú kankan tó ń wo nǹkan kan. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an, ó ní ó ṣe òun bíi pé wọ́n gbé òun kalẹ̀ láti orí nǹkan gíga kan tí òun kò mọ̀ pé òun wà lórí rẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa jókòó sójú fèrèsé?" Gretchen bi í lọ́jọ́ kejì.

"Noreen."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kì í sọ̀rọ̀."

"Ta ló wá sọ ọ́?"

Verna wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń wá nǹkan tó ti mú sọ́wọ́. "Mo rò pé," ó wí, "tí mo bá jìyà tó, ó máa tó."

"Ṣé ó ti tó?"

"Kò lè tó láé. Nǹkan tó burú nínú ẹ̀ nìyẹn. Mo lè jókòó síbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ yẹn ò ní dìde."

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà, ní ẹ̀bá ọ̀nà ìlú Butte, ó ní kí Leland dúró, ebi ń pa òun. Leland ra páì ẹran àti ọ̀dùnkún fún un ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọbẹ̀ tó wà nínú pépà, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Leland jáde kúrò nínú ọkọ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó nu omijé ojú rẹ̀ kó tó padà wọlé.

Abẹ́rẹ́ mẹ́fà ni wọ́n gún un kí ìgbà òtútù tó dé. Verna ń dáná, ó ń fọ irun ara rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ti gbàgbé. Òwúrọ̀ kan kì í kọjá kó má rántí Wyatt, ṣùgbọ́n ó ń rántí rẹ̀ lórí ìdúró.

Ọ̀sẹ̀ ọdún Ìdúpẹ́ nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí gbogbo ilé ń se tòlótòló, ló lọ sí ilé ìtajà fúnra rẹ̀. Ó tò sórí ìlà, Trudy tó ń gbowó sì ń gbé tòlótòló dídì kan tó tóbi fún bàbá arúgbó tó wà níwájú. Tòlótòló náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó balẹ̀ gbì, ó yọ̀ lórí ilẹ̀ dídán lọ tààrà, ó kọjá láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ó dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀ sì ṣí fún un, ó jáde lọ sínú yìnyín.

"Ẹ wo olè!" Trudy pariwo. "Kò tiẹ̀ sanwó!"

Verna bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín orí ètè o. Ẹ̀rín tó ti inú ikùn wá ni, ẹ̀rín tó mú un di ikùn mú, ohùn àgbò yẹn tí kò sẹ́ni tó gbọ́ láti ìgbà tó ti ń wa bọ́ọ̀sì. Àwọn tó wà lórí ìlà ń bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dákẹ́. Verna yíjú padà. Noreen Lannan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ẹni méjì jìnnà sí i, búrẹ́dì àti mílíìkì wà nínú agbọ̀n rẹ̀. Ó gbé agbọ̀n náà kalẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gba ẹnu ọ̀nà kan náà tí tòlótòló gbà jáde.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìlú ti gbọ́. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ń sọ ọ́ ju ẹni tó wà níbẹ̀ lọ. Ẹnì kan ní Verna ń jó. Ẹlòmíì ní ó wo ojú Noreen kó tó rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn èèyàn yìí fi káàánú Verna, wọ́n ń gbé ọbẹ̀ wá fún Leland, wọ́n ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Kò sẹ́ni tó gbé ọbẹ̀ wá mọ́.

Wes wá bá wọn nílé. "Mi ò ní kó o má sàn o," ó wí fún Verna. "Ta ni kì í fẹ́ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun sàn? Ṣùgbọ́n ṣé o ò lè máa sàn díẹ̀díẹ̀ ni? Kó o máa sàn nínú ilé?"

"Jáde," Leland wí.

"Leland, mò ń—"

"Wes, jáde kí n tó gbá ẹ jáde bíi yìnyín."

Nígbà tí Kérésì ń bọ̀, Verna ṣe pòvìtíkà, búrẹ́dì tí ìyá ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ, tí wọ́n máa ń na ìyẹ̀fun rẹ̀ títí á fi fẹ́lẹ́ bí aṣọ, tí wọ́n á fi àsálà lílọ̀ àti oyin sí i, tí wọ́n á ká a. Mẹ́fà ló ṣe, ó gbé e lọ sí ọjà àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà ayé bọ́ọ̀sì, kì í pé wákàtí kan tí tiẹ̀ fi máa ń tán. Ó jókòó tì í láti àárọ̀. Àwọn èèyàn ra ti ọ̀tún, wọ́n ra ti òsì. Obìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n mú ọ̀kan, èkejì rẹ̀ sọ nǹkan sí i létí, ó sì dá a padà, ó tilẹ̀ nu ìka rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, fàdá wá, ojú tì í, ó ní òun máa ra ọ̀kan.

"Ẹ má ṣe ìyọnu, fàdá," Verna wí, ó sì kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sínú páálí.

Gretchen ti kìlọ̀ fún un nípa èébì, nípa òyì, nípa pé àìsàn náà lè fẹ́ padà wá. Kò kìlọ̀ èyí fún un, torí pé òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Oṣù kejì wọlé, ọjọ́ náà pé. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Verna ti wọ bàtà. Nígbà tí Noreen dé, tó sì gbójú sókè wo fèrèsé, àga lásán ló rí. Verna ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó dúró síbi tí ọwọ́ kò ti lè kan ọwọ́.

"Noreen."

"Má pe orúkọ mi."

"Ó dáa."

"Wọ́n ní wọ́n ti wò ẹ́ sàn. Kí ni wọ́n yọ kúrò nínú ẹ?"

"Wọn ò yọ nǹkan kan. Gbogbo ẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀."

"Irọ́ lò ń pa. Mo gbọ́ bó o ṣe rẹ́rìn-ín."

"Mo rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni."

"Nítorí tòlótòló!"

"Nítorí tòlótòló."

"Wyatt ì bá pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lóṣù karùn-ún."

"Ọjọ́ kẹrin," Verna wí.

"Má fi ẹnu ẹ ka ọjọ́ ìbí ọmọ mi!" Èémí Noreen ń rú funfun nínú òtútù. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀nà fún àlejò. "Ṣé o mọ bí mo ṣe ń dìde láàárọ̀? Dókítà kọ oògùn fún mi, mo dà á nù. Ìwọ ni oògùn mi. Tí ẹsẹ̀ mi bá kọ̀ tí kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, màá sọ fún ara mi pé, obìnrin yẹn náà ò lè dìde, tiẹ̀ burú ju tèmi lọ. Ìgbà yẹn ni màá tó fọ eyín mi. Ìgbà yẹn ni màá tó lọ síbi iṣẹ́. Ọdún méjìlá, Verna. Wọ́n wá wo oògùn mi sàn."

Ohun tó jáde lẹ́nu Verna ni, "Bá mi lọ sí Bozeman. Leland á gbé wa. Wọ́n lè—"

"Kí n sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ? Kí wọ́n gún wa pa pọ̀, ká jọ padà wálé, ká máa rẹ́rìn-ín tòlótòló?"

"Noreen..."

"Jókòó." Ó nàka sí fèrèsé. "Mi ò ní kó o máa ṣàìsàn lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan péré lọ́dún. Jókòó síbẹ̀ kó o ṣe bó o ṣe máa ń ṣe. Kódà kó jẹ́ ẹ̀tàn, mi ò ní béèrè. Mo bẹ̀ ẹ́."

Nínú gbogbo ohun tí Verna ti rò pé obìnrin yìí lè sọ sí òun, kò ro ẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó mọ̀ pé kò ní ná òun ní nǹkan kan lójú ẹni tó ń wòran. Ṣùgbọ́n ó mọ àga yẹn. Ó mọ bó ṣe máa ń dì mọ́ èèyàn láti ẹ̀yìn.

"Mi ò lè ṣe é."

"O ò lè ṣe é ni, àbí o ò fẹ́?"

Ó lè purọ́. Irọ́ kékeré ì bá ṣe àánú fún àwọn méjèèjì.

"Mi ò fẹ́," ó wí.

Noreen mi orí bí ẹni tí wọ́n ti dá lóhùn ohun tó béèrè. Ó yí padà. Kò gba ọ̀nà ilé ẹjọ́ lọ. Ilé rẹ̀ ló padà sí.

Nígbà tí oṣù kẹta máa fi parí, Noreen kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Bernice ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti ìlú Spokane, ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyókù oúnjẹ inú àwo rẹ̀ ti bu. Verna gbọ́. Ó se ọbẹ̀ adìyẹ, ó kọ nọ́ńbà Gretchen sórí pépà kan, ó gbé e lọ kan ilẹ̀kùn. Bernice ṣí i díẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ni."

"Mo gbé oúnjẹ wá. Nọ́ńbà kan sì rèé, àwọn tó tọ́jú mi ni. Ìwọ bá mi fún un, má sọ pé èmi ni."

"Ó ti rí ẹ láti ojú fèrèsé òkè. Ṣé o fẹ́ mọ ohun tó wí?"

"Rárá."

"Ó ní ọmọ òun lo fi bẹ̀rẹ̀, o wá fi òun parí iṣẹ́." Bernice gba pépà náà, ó ya á sí mẹ́rin, ó fi í sínú ọbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìlú mú ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n ń lò ó. Lóṣù kẹfà, Bernice kó àbúrò rẹ̀ lọ sí Spokane. Trudy ló sọ fún Verna nídìí owó, bó ṣe ń kó ẹyin rẹ̀ sínú àpò.

"Ṣé dókítà ń tọ́jú ẹ̀ níbẹ̀?" Verna béèrè.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Kó o lè mọ bó o ṣe máa rẹ́rìn-ín sókè tó?"

Ẹnì kan lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Verna gba ṣéńjì rẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde lọ bá Leland nínú ọkọ̀. Ọjọ́ Bozeman ni. Láti ìgbà òtútù, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń lọ kí àìsàn náà má bàa padà.

"Wọ́n ti gbé Noreen lọ," ó wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Má sọ bẹ́ẹ̀, Leland."

"Mo ti sọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi fọ irun ẹ. Mo ti sọ ọ́, mo sì máa tún un sọ."

Nígbà tí Verna sọ gbogbo rẹ̀ tán fún Gretchen, Gretchen gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ó ti mọ Verna ju kó máa fi ìyẹn tù ú nínú lọ. "Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan," ó wí. "Tó bá ṣe é ṣe, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dá ìlera yín padà kí ara Noreen lè yá, ṣé ẹ máa—"

"Rárá."

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ìbéèrè náà tó parí. Ó yá tó bẹ́ẹ̀ tó fi dẹ́rù ba òun fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú yàrá náà.

"Èèyàn wo ni mo wá jẹ́ yìí?" ó béèrè.

Gretchen fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti ṣílẹ̀kùn, ó gbé àwo abẹ́rẹ́ wọlé, ó kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní oòrùn ọjọ́ náà dára gan-an. Verna dúró kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ òun wò. Lẹ́yìn náà ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.